Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ìrìn ẹsẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà lẹ́bàá odò Rhine ní Jámánì

Olùbéèrè (Manchester):
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọmọ ọdún 57 ni mí, ọkọ mi sì ti pé ẹni ọdún 61. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti kúrò nílé ni àwa méjèèjì ti máa ń rìn lórí àwọn òkè tó wà nítòsí wa ní ọjọ́ Sátidé, débi pé ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó wa mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, a fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́fà rìn láti ìlú dé ìlú ní ìgbèríko Jámánì, kí a máa sùn sí ìlú tí a bá dé ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà Rheinsteig ló wù wá, èyí tó gba apá ọ̀tún odò Rhine láti Bonn dé Wiesbaden fún 320 kìlómítà. A mọ̀ pé a kò lè rin gbogbo rẹ̀ tán. Apá wo ni kí a mú, báwo ni a ó sì ṣe ṣe ti ẹrù, nígbà tó jẹ́ pé orúnkún ọkọ mi a máa dùn ún bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè?

Ohun kan tún wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta bi mí pé ìsinmi wo ló wà nínú kí ènìyàn náwó lọ sí òkèèrè kí ó lọ máa fẹsẹ̀ rìn. N kò rí èsì gidi fún un, ó sì dá mi lójú pé èsì wà.

Ìyá Ìbejì (Köln):
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, mà. Èmi àti ọkọ mi ti rìn láti Braubach dé Rüdesheim, apá yẹn gan-an ni n ó sì ní kí ẹ mú. Ó wà nínú àfonífojì tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2002. Ní Braubach, ilé olódi Marksburg wà lórí òkè tó kọjú sí ìlú, òun nìkan ṣoṣo sì ni ogun kò wó rí nínú àwọn ilé olódi orí òkè tó wà ní apá odò yẹn. Lẹ́yìn ibẹ̀, bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí nìyí: ẹ ó gun òkè láàárín ọgbà àjàrà ní òwúrọ̀, ẹ ó wọ igbó, odò yóò sì fara pamọ́ fún yín; nígbà tí ẹ bá tún fi máa yọ sí etí òkè, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ tí ó ń dán, tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń lọ lórí rẹ̀ bí ìgbín. N kò lè ka iye ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ sí wa, kò sì sú wa rárá.

Òkè Loreley, tó fi mítà 132 ga ju odò lọ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré lọ wò, ṣùgbọ́n Kaub ni ọkàn mi wà. Láàárín odò níbẹ̀, ilé olódi Pfalzgrafenstein dúró lórí àpáta bí ọkọ̀ tó dákọ̀ró. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ilé oníbodè ni. Ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n kọ́ ọ láti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá, ẹni tó bá sì mọ ìtàn Ẹ̀gbá kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Láti Kaub dé Lorch, ẹ ó gba ilẹ̀ kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Flaschenhals, ìyẹn ọrùn ìgò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà yí Koblenz ká àti èyí tí àwọn ti Faransé gbà yí Mainz ká kò kan ara wọn. Ilẹ̀ tóóró yìí ṣẹ́kù láàárín wọn, ó sì dá wà láti 1919 títí di 1923, tí ó ń tẹ owó ara rẹ̀. Mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó fẹsẹ̀ rìn ín, n kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí.

Bàbá Rere (Leeds):
Nítorí orúnkún yẹn, n ó ní kí ẹ ro ti ọ̀nà Rennsteig ní ìpínlẹ̀ Thüringen, tó jẹ́ nǹkan bíi 170 kìlómítà láti Hörschel dé Blankenstein. Góńgó òkè ló ń tẹ̀ lé, gígun òkè àti sísọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò sì le tó ti Rhine. Àwọn tó ń rìn ín máa ń ṣa òkúta kékeré kan nínú odò Werra ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn a fi sápò títí wọn yóò fi jù ú sínú odò Saale ní ìparí. “Gut Runst” ni wọ́n fi ń kí ara wọn lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú mi dùn púpọ̀, torí pé n kò tí ì gbọ́ ìkíni tó jẹ́ ti ìrìn nìkan lẹ́nu òyìnbó rí, bíi “ẹ kú ìrìn” tiwa. Bí mo bá jẹ́ yín, èyí ni mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n: ẹni tó fi mọ́tò wọ ìlú, kò sí ẹni tó ń kí i.

Ìyá Ìbejì (Köln):
Òótọ́ ni, sà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè parí 170 kìlómítà ní ọjọ́ mẹ́fà, wọn yóò máa rin nǹkan bíi 28 lójúmọ́. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún orúnkún tó ń dunni. Lẹ́bàá Rhine, ojú irin ń bá wọn lọ ní apá odò kan náà. Ọjọ́ tí orúnkún bá ṣàìsàn, kí bàbá wọ ọkọ̀ lọ dúró de ìyàwó rẹ̀ ní ìlú tó kàn.

Mà, oṣù kẹsàn-án tí ẹ mú dára gan-an. Ìgbà náà ni wọ́n ń kó àjàrà. Bí ẹ bá rí ìdì ewé tútù tàbí ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀ kan, ẹ wọlé: òun fúnra rẹ̀ ló ń ta wáìnì rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀. Ẹ béèrè Federweißer, wáìnì tuntun tó ṣì ń hó lọ́wọ́, tí wọn kì í dé ìgò rẹ̀ pa. Ẹni tó bá ti mu ẹmu òwúrọ̀ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n máa ń fi oúnjẹ alálùbọ́sà kan tó gbóná jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì (Mainz):
Ní ti ẹrù, ẹ béèrè Gepäcktransport nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá. Wọn yóò fi mọ́tò gbé báàgì yín lọ sí ilé àlejò tó kàn, omi, aṣọ òjò àti oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni ẹ ó sì gbé sẹ́yìn. Kí bàbá ra ọ̀pá ìrìn méjì, kí wọ́n sì fi wọ́n rìn nílé kí ẹ tó lọ. Ọkọ̀ ẹrù ojú irin ń kọjá lóru ní àfonífojì náà, ariwo rẹ̀ sì pọ̀; nítorí náà, ẹ sọ pé ẹ̀yìn ilé ni ẹ fẹ́ yàrá sí. Ẹ mú owó lọ́wọ́, torí pé ilé àlejò kékeré púpọ̀ kì í gba káàdì. Ẹ ra oúnjẹ sílẹ̀ ní Sátidé, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí ní Sọ́ńdè. Ní alaalẹ́, ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá, torí pé ó ń kó àrùn ranni. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò ní Koblenz, kò sí afárá lórí Rhine títí dé Wiesbaden, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ojú omi wà tó ń gbé ènìyàn sọdá.

Olùbéèrè (Manchester):
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Braubach ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì sùn sí Kaub fún òru méjì kí orúnkún lè sinmi. Bàbá Rere, ẹ má bínú sí wa. A ó fi Rennsteig sí ọdún mìíràn. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tún apá oníbodè yẹn kà, wọ́n sì ní bí mo bá dé ibẹ̀, kí n ya fọ́tò rẹ̀ láti orí òkè, níbi tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé.