Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ti fi ìfẹ́ inú òun sílẹ̀ fún Ọlọ́run lóòótọ́?

Ọmọ Ẹ̀kọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ló délẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí a ti jọ ń ka Bíbélì, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa bá wa dá sí i. Gbogbo wa la ń gbàdúrà pé "Ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe". Ṣùgbọ́n èèyàn á gbé ọ̀ràn kan lé Ọlọ́run lọ́wọ́ lálẹ́, tó bá fi máa di àárọ̀, á ti gbà á padà, á tún máa dá gbogbo rẹ̀ rò bí ẹni tí kò gbàdúrà rárá.

Nǹkan mẹ́ta la fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹni tó bá ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Ọlọ́run kò gbọ́dọ̀ ní ohun tó wù ú mọ́? Ṣé ó tún lè máa ṣètò ọjọ́ iwájú, àbí kó jókòó títí Ọlọ́run yóò fi sọ̀rọ̀? Kí ló sì ń jẹ́ kéèyàn máa gba nǹkan padà lẹ́yìn tó ti fi sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní ká "fi gbogbo rẹ̀ fún Jésù". Ohun tí a ó ṣe gan-an là ń béèrè.

Bàbá Kíláàsì:

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ẹ jẹ́ kí n mú ti àkọ́kọ́, torí òun ló ń dààmú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ ṣí Mátíù 26, láti ẹsẹ 36 dé 46, kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Jésù kò wọ ọgbà Gẹtisémánì bí ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́. Ó là á mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ 39: bó bá ṣeé ṣe, kí ago náà ré òun kọjá. Nígbà tó padà lọ gbàdúrà lẹ́ẹ̀kejì, ní ẹsẹ 42, ọ̀rọ̀ ti yí díẹ̀: bí ago yìí kò bá lè ré mi kọjá láìjẹ́ pé mo mu ún, ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe. Ẹsẹ 44 ní ó tún lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá gbé ọ̀ràn kan lọ síwájú Baba nígbà mẹ́ta ní òru ọjọ́ kan, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgbàgbọ́ òun ti yingin torí pé àdúrà ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ má sì fo ẹsẹ 46: "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí a máa lọ." Ẹsẹ̀ ló fi parí àdúrà náà. Ó dìde lọ pàdé àwọn tó ń bọ̀ wá mú un.

Ohun tó wù yín, bó bá jẹ́ ohun tó tọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi í pa mọ́ fún Ọlọ́run ló ń ba àdúrà jẹ́. Ẹni tó ń fẹ́ iṣẹ́ kan lójú méjèèjì, tó wá ń gbàdúrà bí ẹni pé èyíkéyìí tó bá dé ti tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń sọ fún Olùmọ̀ọkàn.

Ohun tí ẹ lè ṣe rèé. Ẹ mú ìwé àti kálàmù. Ẹ kọ ọ̀ràn náà ní gbólóhùn kan, ọ̀ràn kan ṣoṣo. "Mo jọ̀wọ́ gbogbo ayé mi" dùn lórin, ṣùgbọ́n kò dárúkọ nǹkan kan, nítorí náà ẹ ò ní mọ ọjọ́ tí ẹ gbà á padà. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an, láì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ méjì sí i: "Bí Olúwa bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí màá ṣe lọ́la ni…" àti "Bí Olúwa bá ní rárá, ohun tí màá ṣe lọ́la ni…" Bí ọwọ́ bá kọ̀ láti kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ẹ má tíì máa béèrè ìtọ́sọ́nà. Ẹ gbàdúrà lórí ọkàn yín ná.

George Müller (1805–1898), ẹni tó tọ́jú àwọn ọmọ òrukàn ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń wá ìfẹ́ Ọlọ́run: kí ọkàn òun kọ́kọ́ dé ibi tí kò ti ní ìfẹ́ tirẹ̀ lórí ọ̀ràn náà. Ó ní ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà àwọn èèyàn wà. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà kì í sábà ṣòro tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Ìmúratán ni kì í sí.

Ìyá Ìjọ:

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Kí n fi Jeremáyà 42 kún un, orí tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wá ìfẹ́ Ọlọ́run kà kó tó kúnlẹ̀.

Wọ́n ti pa Gẹdaláyà, gómìnà tí ọba Bábílónì fi ṣe olórí Júdà. Ẹ̀rù ń ba àwọn tó ṣẹ́kù ní Júdà, àti Jòhánánì ọmọ Kárèà tó ṣáájú wọn, wọ́n wá bẹ Jeremáyà pé kó bá àwọn béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Wọ́n búra ní ẹsẹ 5 àti 6: ìbáà dára, ìbáà burú, ohun tí Olúwa bá wí la ó ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, èsì dé: ẹ dúró sí ilẹ̀ yìí, ẹ má lọ sí Íjíbítì. Kí ni wọ́n sọ? Ní orí 43 ẹsẹ 2, wọ́n ní irọ́ ni Jeremáyà ń pa.

Kí ló fà á? Ẹ padà sí orí 41 ẹsẹ 17. Kí wọ́n tó wá bá Jeremáyà rárá, wọ́n ti ṣí kúrò, wọ́n ti dó sí ẹ̀bá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ojú wọn sì ti wà ní ọ̀nà Íjíbítì. Ẹrù ti wà lórí kí ìbéèrè tó dé ẹnu. Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọn ò wá ìtọ́sọ́nà.

Nítorí náà, lórí ìwé tí Bàbá ní kí ẹ mú yẹn, ẹ fi ìlà kan sí i: kí ni mo ti ṣe lórí ọ̀ràn yìí kí n tó gbàdúrà? Ṣé mo ti sanwó sílẹ̀? Ṣé mo ti ṣèlérí fún ẹnì kan? Ṣé mo ti sọ fún àwọn èèyàn débi pé ojú á tì mí bí n bá yí padà? Ohun tó bá ṣeé dá dúró, ẹ dá a dúró ná. Èyí tí kò bá ṣeé dá dúró, ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí.

Àrùn kejì tó jọ ọ́ ni ti Bálámù, ẹni tí Bálákì ọba Móábù ránṣẹ́ sí pé kó wá fi Ísírẹ́lì bú. Númérì 22:12, Ọlọ́run ní kó má lọ. Ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí àwọn ìjòyè tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ dé pẹ̀lú ìlérí ọlá tó tóbi jù, ní ẹsẹ 19 ó ní kí wọ́n sùn síbẹ̀ kí òun lè mọ ohun tí Olúwa yóò tún sọ. Kò sí nǹkan tuntun nínú ọ̀ràn náà ju èrè lọ. Pọ́ọ̀lù náà béèrè nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀gún tó wà nínú ara rẹ̀, 2 Kọ́ríńtì 12:8. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì dé pé "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ", ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì fi àìlera náà ṣògo. Ẹ máa béèrè títí èsì yóò fi dé. Bó bá ti dé, ẹ má lọ wá òmíràn.

Ní ti gbígbà padà: Lúùkù 9:23 ní kéèyàn gbé àgbélébùú rẹ̀ "lójoojúmọ́". Jésù ti mọ̀ pé tàná kò ní tó fún òní. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ohun tí John Wesley ṣe: ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1755, ó ṣe ìsìn ìsọdọ̀tun májẹ̀mú, níbi téèyàn ti ń tún ara rẹ̀ fi fún Ọlọ́run, pẹ̀lú àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì ní London, títí dòní sì ni ọ̀pọ̀ ìjọ wọn ń sọ májẹ̀mú náà dọ̀tun lọ́dọọdún, nígbà ọdún tuntun. Wọn kì í tún un ṣe torí pé ti àtẹ̀yìnwá jẹ́ irọ́.

Nígbà tí ọ̀ràn náà bá jí yín lóru, ẹ ka gbólóhùn tí ẹ kọ sókè, ẹ tún un sọ fún Ọlọ́run pẹ̀lú ọpẹ́ bí Fílípì 4:6 ṣe wí, kí ẹ wá bi ara yín pé: iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi lórí èyí lọ́la? Bó bá wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ sùn. Ohun tó ń gba ọ̀ràn padà lọ́wọ́ wa jù ni ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù sì máa ń wọṣọ ọgbọ́n wá.

Ìránṣẹ́ Kékeré:

Ẹ kú ẹ̀kọ́, mà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé àlàáfíà ọkàn ni ẹ̀rí. Bí ọkàn bá ti balẹ̀, Ọlọ́run fọwọ́ sí i nìyẹn. Kólósè 3:15 ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Bàbá Kíláàsì:

Ọmọ mi, rọra o. Ẹ wo Jónà 1:5. Ìjì ń jà, àwọn atukọ̀ ń da ẹrù sínú òkun, Jónà wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń sùn fọnfọn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì ń sá fún Olúwa. Ẹ wá wo Lúùkù 22:44: òógùn Jésù ń kán sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀, nínú ìgbọràn tó péye. Ìfọ̀kànbalẹ̀ dára, a sì ń dúpẹ́ bó bá dé, àmọ́ kì í ṣe adájọ́. Kólósè 3:15 fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa àlàáfíà láàárín àwọn tí a pè "nínú ara kan". Ẹ ka ẹsẹ 12 sí 14 kún un, ẹ ó rí i pé ìfaradà àti ìdáríjì láàárín ará ló ń sọ.

Olùwádìí Ìwé Mímọ́:

Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè kejì, ti ètò ṣíṣe.

Àwọn oníṣòwò inú Jákọ́bù 4:13 mọ ìlú tí wọ́n ń lọ, wọ́n mọ iye àkókò tí wọ́n máa lò níbẹ̀, ọdún kan, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Jákọ́bù kò bá wọn wí nítorí ètò. Ohun tí wọ́n fò ló tọ́ka sí ní ẹsẹ 15: "Bí Olúwa bá fẹ́". Pọ́ọ̀lù náà ní ètò tó lórúkọ. Ó kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé òun ti pinnu lọ́pọ̀ ìgbà láti wá (1:13), pé òun á sì gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá sí Spain (15:24). Ó dé Róòmù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n ni, pẹ̀lú ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ọ (Ìṣe 28:16).

Ìṣe 16:6 sí 10 ni kí ẹ fi kọ́ bí ìtọ́sọ́nà ṣe ń wá. Ẹ̀mí dí Pọ́ọ̀lù àti àwọn tó ń bá a rìn lọ́nà Éṣíà. Wọ́n gbìyànjú Bítíníà, kò tún gbà fún wọn. Wọn ò padà sílé, wọn ò sì bínú. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí Tíróásì, ibẹ̀ ni ìran ọkùnrin ará Makedóníà ti dé. Lójú ọ̀nà ni Olúwa ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó tó ní òun ń dúró de Ọlọ́run, nígbà tí iṣẹ́ tó mọ̀ dájú wà níwájú rẹ̀, ọ̀lẹ ló ń ṣe.

Kí ẹ tó béèrè, ẹ wò ó bóyá a ti dáhùn rẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́. Ìwà mímọ́ ni ìfẹ́ Ọlọ́run, 1 Tẹsalóníkà 4:3. Ọpẹ́ ni, 5:18. Ẹni tó jẹ gbèsè tó sì ní owó lọ́wọ́ kò nílò àlá kankan. Lẹ́yìn èyí, àwọn nǹkan wà tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún ọgbọ́n àti ìfẹ́ ọkàn wa. 1 Kọ́ríńtì 7:39 sọ pé opó lómìnira láti fẹ́ ẹni tó wù ú, "kìkì nínú Olúwa". Ohun tó wù ú wà nínú ẹsẹ náà! Àwọn yòókù, bí ọjọ́ tí nǹkan yóò ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi pẹ́, ti Olúwa ni, Diutarónómì 29:29. Ọ̀pọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń wá látinú fífi ọdún gbáko bẹ Ọlọ́run pé kó ṣí èyí tó pa mọ́ payá, nígbà tí èyí tó ti ṣí payá ṣì wà nílẹ̀ láìṣe.

Ìkìlọ̀ kan tí mi ò ní fi sílẹ̀. Ọlọ́run là ń jọ̀wọ́ ìfẹ́ wa fún, kì í ṣe ẹni tó ní Ọlọ́run rán òun sí wa. Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 13. Ènìyàn Ọlọ́run yẹn ti gba àṣẹ tó yé e pé kó má jẹ, kó má mu ní Bẹ́tẹ́lì. Wòlíì àgbàlagbà kan ní áńgẹ́lì bá òun sọ̀rọ̀, irọ́ ló pa. Ènìyàn Ọlọ́run gbà á gbọ́, ó padà lọ jẹun, kìnnìún sì pa ènìyàn Ọlọ́run náà lójú ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń lù yín tàbí tó ń rẹ́ yín jẹ, tó wá ní kí ẹ "tẹríba fún ìfẹ́ Ọlọ́run", ẹ wá ààbò, ẹ sọ fún ẹni tó lè gbà yín. Nígbà tí wọ́n na Pọ́ọ̀lù tàn lórí okùn láti nà án, ó bi balógun ọ̀rún bóyá ó bófin mu láti na ará Róòmù tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ (Ìṣe 22:25). Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló lò yẹn, ẹni tó ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi pátápátá sì ni.

Ọmọ Ẹ̀kọ́:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin òbí wa. Ọ̀rọ̀ ẹrù tó ti wà lórí yẹn wọ̀ wá lára. Bí a bá ní wákàtí kan péré fún èyí nínú ẹgbẹ́, kí ni ká fi ṣáájú?

Ìyá Ìjọ:

Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 ka Mátíù 26:36–46, kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí àwọn yòókù máa sàmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ àdúrà ti yí. Ìṣẹ́jú 20 fún Jeremáyà 41:16 títí dé 43:4. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí 42, ẹ ó pàdánù kókó rẹ̀. Kí kálukú wá fi ìṣẹ́jú 15 kọ ìwé tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fipá mú ẹlòmíràn ka tirẹ̀ sókè o, torí bí wọ́n bá mọ̀ pé wọ́n máa kà á, wọn ò ní kọ òótọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́. Róòmù 12:1 àti 2 ni kí ẹ gbé lọ sílé, kí ẹ sì kíyè sí bó ṣe tò ó: ara la kọ́kọ́ fi rúbọ, èrò inú wá di tuntun, lẹ́yìn náà la tó lè dá ìfẹ́ Ọlọ́run mọ̀. Bí ẹnì kan bá kọ gbólóhùn "rárá" tí kò lè parí rẹ̀, kó mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bó ṣe wà.