Ṣé ká gba sáfà ńlá ni, àbí ká tún kóòdù wa kọ?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la ṣe áàpù kan fún àwọn alájọ ní Ìbàdàn, kí wọ́n lè pa káàdì tì. Python, ọ̀kan lára èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù (àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), la fi kọ ọ́. Ogún dọ́là là ń san lóṣù fún sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí à ń yá, tí áàpù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kó tó di oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Láàárín 2024, ó lé ní ₦1,500. Ogún dọ́là náà kò yí padà, àmọ́ náírà tí à ń kó kalẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ní báyìí áàpù ti ń falẹ̀. Bí alájọ bá fẹ́ rí àkọsílẹ̀ oṣù, ó di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Ọ̀rẹ́ mi ní ká gba sáfà ọgọ́rin dọ́là, pé àkókò wa wọ́n ju ẹ̀rọ lọ. Èmi ní ká fi Go, èdè kóòdù mìíràn tó máa ń yára jù, tún un kọ, oṣù méjì péré. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Dátábéèsì: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dúró ná. Ṣé ẹ ti wo ibi tí àkókò yẹn ń lọ? Ó jọ pé kóòdù yín ń lọ bá dátábéèsì, ibi tí àkọsílẹ̀ yín wà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra ata ní Bódìjà, tó délé, tó tún padà lọ ra tòmátì, tó tún padà lọ nítorí àlùbọ́sà, ẹ ò lè tìtorí ẹ̀ ra mọ́tò tó yára fún un. Ẹ béèrè gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá index, atọ́ka bíi ti ẹ̀yìn ìwé, wà lórí nọ́ńbà oníbàárà. Láìsí i, látòkè délẹ̀ ni yóò máa ka ìlà àkọsílẹ̀. Tó bá wà, nínú ìlà mílíọ̀nù kan, bí ogún ìgbésẹ̀ ti tó. Ẹ fi EXPLAIN, àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí dátábéèsì máa gbà wá nǹkan hàn, ṣíwájú ìbéèrè yẹn, ẹ máa rí i. Go ò lè wo àrùn yìí sàn.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù: Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá ló yàtọ̀. Níbí, pọ́n-ùn ni owó iṣẹ́ mi, pọ́n-ùn náà la fi ń san sáfà. Owó ọ̀sẹ̀ kan tí mo bá fi tún kóòdù ṣe tó sáfà kékeré fún odidi ọdún. Nílé, náírà lẹ fi ń ṣiṣẹ́, dọ́là lẹ fi ń yá ẹ̀rọ; ìṣirò ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Àmọ́ oṣù méjì ẹ̀yin méjèèjì kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ẹ fi ọgọ́ta dọ́là tó máa lé lóṣù wé ohun tẹ́ ẹ lè rí níbòmíràn.

Ọmọ Ṣómólú: Mo tún tèmi kọ lọ́dún tó kọjá. Oṣù méjì di mẹ́jọ, oníbàárà ò dúró. Ẹ má ṣe é.

Arábìnrin Fóònù: Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba fóònù àwọn alájọ? Ẹ lè gba sáfà ńlá. Ta ló máa ra fóònù ńlá fún wọn? Dátà wọn náà ni áàpù yín ń jẹ. Ẹ má kó gbogbo àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan; ìlà ọgbọ̀n lójú ewé kan ti tó.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. A jọ jókòó tì í lálẹ́ àná. Ìgbà 412 ni ojú ewé kan ṣoṣo ń lọ bá dátábéèsì! A sọ ọ́ di mẹ́ta, a fi index sí i, kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan mọ́. Orí sáfà ogún dọ́là la ṣì wà. Ó ku àwòrán oníbàárà tó ń jẹ dátà. Ṣé lórí sáfà ká ti máa dín ìwọ̀n wọn kù, àbí lórí fóònù?

Arábìnrin Fóònù: Lórí fóònù, kí àwòrán tó gbéra lọ sí sáfà. Dátà alájọ ò ní ṣòfò, sáfà yín náà á sinmi.