Ẹ fẹ́ ta ilé: ọ̀dà wo lẹ kun sí ilẹ̀kùn iwájú? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ajílósùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Èkìtì kete. Àwa ọmọ bàbá wa ti fẹnu kò pé ká ta ilé tó wà ní Ajílósùn, l'Adó. Màmá ti tẹ̀lé àbúrò mi lọ sí Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ mọ́. Ejẹ́ǹtì wá wò ó, ó ní ilé dára, àmọ́ ká wá nǹkan ṣe sí ilẹ̀kùn iwájú kóun tó ya fọ́tò. Ìrókò ni ilẹ̀kùn ọ̀hún, aláwọ̀ ewé. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n máa ń kun ún bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé. Ọ̀dà ti gun orí ọ̀dà, ó sì ti ń bó nísàlẹ̀ níbi tí òjò ń ta sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kun ún ní funfun. Àbúrò mi ní dúdú ló lòde báyìí. Èmi ò fẹ́ kí ilé bàbá mi lọ lówó pọ́ọ́kú torí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta ilé rí, tàbí tẹ́ ẹ ti rà, kí lẹ rí?

Màmá Ìjerò:
Funfun kẹ̀? Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n rántí ọyẹ́. Eruku ilẹ̀ pupa wa ò mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ti mẹ̀kúnnù. Ẹnì kan ládùúgbò wa kun tiẹ̀ ní funfun nígbà tó fẹ́ ṣe ìdána ọmọ. Kí àwọn àna tó dé, ọwọ́ ọmọdé ti yà sí gbogbo àyíká ibi kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ Èkìtì ní Houston:
Dúdú ni o. Lọ́dún 2018, Zillow, àwọn tó ń polówó ilé títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí, yẹ fọ́tò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí wọ́n ti tà wò. Wọ́n ní èyí tí ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ dúdú tàbí tó jẹ́ àwọ̀ èédú fi nǹkan bíi 6,271 dọ́là lé sí iye tí wọ́n rò pé ó máa tà. Aládùúgbò mi kun tiẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ò sì pẹ́ lọ́jà.

Ejẹ́ǹtì Báṣírì:
Houston, ẹ kú àjò o. Amẹ́ríkà nìyẹn. Níbí, ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn: omi ńkọ́, ṣé kànga ni àbí bohóòlù? Ṣé àdúgbò yẹn wà ní Báńdì A, àwọn tí iná mànàmáná wọn ń pẹ́ jù? Ṣé mọ́tò á dé ẹnu géètì bí òjò bá rọ̀? Ẹni tó máa béèrè àwọ̀ ilẹ̀kùn ò tíì yọjú sí mi. Àmọ́ òótọ́ ni pé WhatsApp ni mo fi ń fi ilé han àwọn tó wà lókè òkun, ilẹ̀kùn tó ń bó sì máa ń sọ ilé di àgbàlagbà nínú fọ́tò.

Ọmọ Oyè:
Pupa ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìdó:
Pupa? Kí ẹni tó wá wo ilé lè rò pé ìjọba ti fàmì wíwó sí i?

Ọmọ Oyè:
😂 Mo ti gbọ́ o.

Onílé Ìyìn:
Èmi rà ni, mi ò tà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń fowó rà. Kí n tó rí èyí tí mò ń gbé yìí, wọ́n mú mi lọ wo ilé kan tó wu ojú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ wáìnì, ó ń dán, òórùn tínà ṣì ń tani nímú. Àbúrò bàbá mi ló bá mi lọ, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n fi gún férémù nísàlẹ̀, níbi tó ti pàdé sìmẹ́ńtì. Kọ́kọ́rọ́ wọlé bí ìgbà tí wọ́n ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀kọ tútù. Nígbà tí wọ́n máa fà á yọ, iyẹ̀pẹ̀ ikán ló tẹ̀lé e, ó ń dà sílẹ̀. Igi ti tán nínú, awọ ọ̀dà nìkan ló kù tó ń dúró bí ẹní wà láyé. Onílé ní ibẹ̀ yẹn nìkan ni. Bàbá ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo yàrá ẹ̀yìn." Onílé ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí nílé. Bá a ṣe bá tiwa lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí ọ̀dà tuntun lára ilé tí wọ́n fẹ́ tà, ara mi kì í balẹ̀.

Ọmọ Oyè:
Háà! Ojú àgbà ni.

Màmá Ìjerò:
Wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi l'Ákùúrẹ́, ògiri ni tiẹ̀. Wọ́n kun ún, ó gún régé. Òjò àkọ́rọ̀ dé, omi yọ lára gbogbo pálọ̀.

Ejẹ́ǹtì Báṣírì:
Onílé Ìyìn, ó jọ pé mo mọ ilé yẹn.

Onílé Ìyìn:
Ẹ má dárúkọ ẹnì kankan níbí o, ẹ jọ̀ọ́.

Káfíńtà Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ má fi ikán dẹ́rù ba Ọmọ Ajílósùn. Ó ní ìrókò ni. Ikán kì í rí inú ìrókò tó gbó jẹ bọ̀rọ̀, apá funfun tó sún mọ́ èèpo ló máa ń bọ́ sí. Férémù tí bàbá yẹn gún, arère ni, tàbí áfárá. Arère rọ̀ lábẹ́ ayùn, owó rẹ̀ ò sì ga, àmọ́ kì í ṣe igi tí wọ́n ń fi sí ibi tí omi àti ikán lè dé.

Onílé Ìyìn:
Káfíńtà, ẹ ò sí níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe mọ irú igi láti Ẹ̀fọ̀n?

Káfíńtà Ẹ̀fọ̀n:
Torí pé ìrókò kì í gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Akunlé Ìkéré:
Ẹ gbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ tì ná. Ọ̀dà tó ń bó ò ṣeé kun ọ̀dà lé. Ọ̀dà olóròóró ni Bàbá ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, mo mọ irú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lọ gbé ọ̀dà olómi, èyí tí wọ́n ń kun ògiri, lé e, kò ní lẹ̀, á máa ṣí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹ tú u kúrò lára ìdè, ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, ẹ há èyí tó ti ṣí, ẹ fi sáńpépà fá ìyókù títí dídán rẹ̀ á fi lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Ẹ wá kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà gílọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ dénú kẹ́ ẹ tó gbé èkejì lé e. Ẹ má gbàgbé etí igi lókè àti nísàlẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ akunlé ń fò torí pé ojú ò tó o, ibẹ̀ náà lomi ń gbà wọlé. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí afẹ́fẹ́ tó gbé eruku dé.
Ní ti àwọ̀, ilẹ̀kùn tí oòrùn ọ̀sán ń pa, mi ò ní kun dúdú sí i láé. Dúdú ń fa ooru, igi á máa fẹ̀, á máa súnkì, ọ̀dà á là. Ṣokoléètì ni mo sábà ń kun fún ẹni tó fẹ́ ta ilé, tàbí àwọ̀ eérú tó ṣú díẹ̀. Ibo ló kọjú sí?

Ọmọ Ajílósùn:
Ìwọ̀ oòrùn ni, sà. Lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, ọwọ́ irin rẹ̀ kì í ṣeé dì mú.

Ọmọ Èkìtì ní Houston:
Ẹ̀gbọ́n Akunlé, mo túúbá. Ẹ má kun dúdú.

Nọ́ọ̀sì Ìdó:
Ẹ dákun, sáńpépà yẹn, ẹ má fi fá a ní gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà olóròóró àtijọ́ ló ní òjé nínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ fi omi rin ín, ẹ bo imú, ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ tútù nu èérún rẹ̀ dípò kẹ́ ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Akunlé Ìkéré:
Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Sáńpépà dúdú tó ń gba omi wà, èyí táwọn tó ń kun mọ́tò ń lò. Òun ni kẹ́ ẹ rà.

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Ti ilẹ̀kùn yín tiẹ̀ rọrùn. Ní tiwa, ohun tó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló dà wá láàmú. Àwọn gbájú-ẹ̀ kan ń mú èèyàn wá wo ilé wa bíi pé àwọn ló ni ín, ni bàbá mi bá bu ọ̀dà pupa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ. Ọdún ń gorí ọdún, a wá fẹ́ tà á lóòótọ́. A kun kíríìmù lé e, pupa yọ. A tún kun ún, ó tún yọ, àwọ̀ osùn ló dà. Ẹni tó wá wò ó dúró níwájú ẹ̀, ó ń kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó wá yíjú sí ejẹ́ǹtì, ó ní, "Ṣé àwọn tó ni ilé yìí mọ̀ pé mo wà níbí ṣá?"

Màmá Ìjerò:
Yéè! Ẹ ò ní pa mí lẹ́rìn-ín.

Akunlé Ìkéré:
Pupa olóròóró máa ń yọ lábẹ́ ọ̀dà olómi. Ẹ há a, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ olóròóró dí i pa, kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun lé e.

Lọ́yà Òkèṣà:
Ìbéèrè ọkùnrin yẹn gan-an lèmi náà fẹ́ bi Ọmọ Ajílósùn. Ẹ ní "àwa ọmọ bàbá wa." Àwọn wo? Bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti ẹbí lábẹ́ àṣà Yorùbá. Bí ọmọ kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, ẹni tó rà á ò ra nǹkan kan lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà, táwọn tó yẹ kó fọwọ́ sí i ò fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ti ìfọwọ́sí Gómìnà, bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe là á sílẹ̀.

Màmá Ìjerò:
Lọ́yà, ọ̀rọ̀ ọ̀dà là ń sọ.

Lọ́yà Òkèṣà:
Ọ̀rọ̀ ọ̀dà náà ni, mà. Ta ló ni ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ kun?

Ọmọ Ajílósùn:
Ẹ̀gbọ́n wa kan wà l'Ákùúrẹ́, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, àwọn ni dáwódù. Wọ́n ti gbọ́ sí i, wọ́n sì ní ohun tá a bá fẹ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ti mú kí n fẹ́ pè wọ́n fúnra mi. Ẹ fún mi láyè.

Káfíńtà Ẹ̀fọ̀n:
Kí wọ́n tó dé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ṣokoléètì, ìrókò lẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀ o! Ẹ há gbogbo ọ̀dà yẹn kúrò, ẹ fi fáníìṣì pa á, kí igi fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére, a mọ iyì igi níbí.

Ọmọ Èkìtì ní Houston:
Ọlọ́wẹ̀ tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn kan ní Wembley lọ́dún 1924, kò sì padà wálé mọ́. Mo ti dúró níwájú ẹ̀ rí. Káfíńtà, ọ̀dà wà lára rẹ̀ o! Ọlọ́wẹ̀ máa ń kun iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Akunlé Ìkéré:
Ẹ gbọ́! Ọmọ Ìkéré ni mí, ilẹ̀kùn wa sì ni. Àga ọba kan tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò rò pé pàṣípààrọ̀ yẹn bára mu, mi ò sì ní dákẹ́ láti máa sọ ọ́.

Káfíńtà Ẹ̀fọ̀n:
Ọ̀dà tí Ọlọ́wẹ̀ fi sára ère, iṣẹ́ ọnà ni. Ti ilé títà yàtọ̀.

Ejẹ́ǹtì Báṣírì:
Ọba gba àga, a pàdánù ilẹ̀kùn. Ó dùn mí.

Ọmọ Ajílósùn:
Mo ti pè wọ́n. Ẹ̀yin ará, ẹ̀gbọ́n Akùúrẹ́ ní àwọn á fọwọ́ sí ìwé, àwọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí owó. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo làwọn fẹ́: ilẹ̀kùn yẹn gan-an. Wọ́n ní àwọn àti Bàbá ni wọ́n jọ lọ ra pákó rẹ̀, àwọn ni wọ́n máa ń di agolo ọ̀dà mú bí Bàbá bá ń kun ún, kí wọ́n tó bí àwa rárá. Wọ́n ní àwọn á fowó ra ilẹ̀kùn mìíràn sípò rẹ̀. Èmi ò mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? Àbí ilẹ̀kùn bá ilé lọ?

Nọ́ọ̀sì Ìdó:
Ẹ gbé e fún wọn, jàre.

Lọ́yà Òkèṣà:
Ohun tí wọ́n bá kàn mọ́ ilé, ó bá ilé lọ, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá yọ ọ́ sílẹ̀. Torí náà, ẹ yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá wò ó, kó jẹ́ pé ilẹ̀kùn tuntun ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti wò ó tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ejẹ́ǹtì Báṣírì:
Ilẹ̀kùn onírin ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ọkàn àwọn tó ń ra ilé máa ń balẹ̀ sí i torí olè. Ó sì ti ní àwọ̀ tiẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Káfíńtà Ẹ̀fọ̀n:
Inú mi dùn sí ìpín ẹ̀gbọ́n Akùúrẹ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má lọ ra onírin kó tó wọn àyè rẹ̀ o. Ìwọ̀n tí àwọn baba wa fi ń ṣe ilẹ̀kùn kì í bá tòde òní mu. Ẹ wọn ìbú lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, torí ògiri àtijọ́ kì í dọ́gba. Èyí tó bá kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹ́ ẹ mú lọ sọ́jà.

Ọmọ Ajílósùn:
Mo gbọ́, sà. Sátidé ni màá wọn ọ́n, ẹ̀gbọ́n náà á wà níbẹ̀.

Onílé Ìyìn:
Ẹ gbà mí láyè: àbúrò mi ń wá ilé ní apá Ajílósùn. Omi wà níbẹ̀?

Ọmọ Ajílósùn:
Kànga wà, kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn bọ̀.