Ṣé lóòótọ́ ni pé "nice" ti fìgbà kan rí jẹ́ èébú?

Tíṣà Sùúrùlérè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ SS2 tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì rí i nínú díṣọ́nárì pé "nice" kọ́kọ́ túmọ̀ sí òmùgọ̀. Ọ̀kan tún mú "a nice distinction" wá látinú ìwé òfin bàbá rẹ̀, òmíràn ní ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Èwo ni òótọ́ nínú rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa kọ́ wọn ní 40 ìṣẹ́jú tí kò ní dà rú mọ́ wọn lójú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Akọ́mọlédè Akọka: Ti òmùgọ̀ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, tíṣà. Látìnì ni gbòǹgbò rẹ̀: "nescius", ẹni tí kò mọ nǹkan kan. "Ne" ni "kò", "scire" ni "mọ̀". "Scire" yìí náà ló wà nínú "science", "conscience" àti "omniscient". Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó pọ̀, kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá ohun tó so wọ́n pọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Látinú Látìnì ló bọ́ sí Faransé àtijọ́, níbi tí "nice" ti jẹ́ òpònú, aláìmọ̀kan. Àwọn Normandi tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló gbé Faransé wọ ààfin àti kóòtù ibẹ̀. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí ọdún 1300, "nice" ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n bá sì pè bẹ́ẹ̀, wọ́n bú u ni.

Bó ṣe di ìyìn gan-an ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Òmùgọ̀ ló kọ́kọ́ fà á lọ sí ìwàkiwà, ó tún fà á dé orí aṣọ ṣíṣe fújà. Ẹni tó ń ṣe fújà, nǹkan kì í tètè tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí náà ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá "nice" ti ń jẹ́ ẹni tó máa ń ṣa nǹkan ṣà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń ṣa nǹkan ṣà, ojú rẹ̀ á mú. Ní àwọn ọdún 1500, "nice" di fínnífínní, tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni "a nice distinction" ti wá: ìyàtọ̀ tí ojú lásán kì í tètè rí. Ohun tó bá wá tẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, ó ní láti jẹ́ ojúlówó. Bó ṣe di ohun tó dára, tó dùn mọ́ni, nìyẹn, ní nǹkan bí ọdún 1769. Ti èèyàn dáadáa, ẹni tó lójú àánú, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló fìdí múlẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ìlú Nice kò bá a tan rárá. Orúkọ Gíríìkì ni, Nikaia, láti ara Nike, ìyẹn ìṣẹ́gun. "Nís" ni wọ́n ń pè é. Sípẹ́lì nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Tíṣà Sùúrùlérè: Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí náà bá ti Faransé wá, kí ló dé tí a kì í pè é ní "nís"?

Akọ́mọlédè Akọka: Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ rí. Láàárín nǹkan bí 1400 sí 1700, àwọn fáwẹ́lì gígùn Gẹ̀ẹ́sì ṣí kúrò ní ipò wọn, "í" gígùn sì di "ái". "Time", "five" àti "mice" náà bá a lọ. Ìtẹ̀wé ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so sípẹ́lì mọ́lẹ̀ nígbà tí ohùn ṣì ń yí lọ.

Lọ́yà Igbóṣeré: Ẹ jẹ́ kí n fi ti kóòtù kún un. Bí adájọ́ bá ní "this is a nice point", kò yin ẹnikẹ́ni o. Ó ní kókó náà gbẹgẹ́, ìdájọ́ lè gba ibikíbi. Àwọn lọ́yà kéékèèké máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún oníbàárà pé "adájọ́ ní kókó wa dára", oníbàárà á sì ti máa palẹ̀ àríyá mọ́. Ẹ sọ pé "kókó tó gba wíwò fínnífínní". "Nicety" náà nìyẹn. "To a nicety" ni "géérégé".

Alátùn-únkà Ṣómólú: Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka díṣọ́nárì kí ẹ tó kọ́ wọn ní ìtàn ọ̀rọ̀. Nínú díṣọ́nárì ńlá, inú àkámọ́ onígun ni orírun sábà máa ń wà, ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí àlàyé. "ME" ni Gẹ̀ẹ́sì agbedeméjì, nǹkan bí 1150 sí 1500. "OF" ni Faransé àtijọ́. "L" ni Látìnì. Àmì "<" ni "ó wá láti". Ọdún tí ẹ bá rí níbẹ̀ kì í ṣe ọdún tí ìtumọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọdún ìwé àkọ́kọ́ tó ṣẹ́ kù tí wọ́n ti rí i ni. Ẹnu ti lè máa sọ ọ́ tipẹ́.

Mo sì fẹ́ ta ko Akọ́mọlédè díẹ̀, ẹ má bínú, sà. Àlàyé yín mọ́ jù. Àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyẹn jọ gbé inú ilé kan náà fún ìgbà pípẹ́ ni. Àwọn tó ṣe díṣọ́nárì Oxford pàápàá gbà pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti kẹtàdínlógún, ó ṣòro láti mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ẹ wo Romeo and Juliet, ìṣe 5, ìran 2: Friar Laurence ní lẹ́tà òun kì í ṣe "nice". Ohun tó ń sọ ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé lẹ́tà náà kò dùn ti ṣìnà.

Akọ́mọlédè Akọka: Mo gbà, sà. Mo fa ìlà rẹ̀ tọ́ jù.

Ìyá Oníwèé Yábàá: Fún 40 ìṣẹ́jú yẹn, tíṣà, ẹ fi 10 ṣe ti "science" àti "nescius". Ẹ fi 20 ṣe gbólóhùn márùn-ún, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá: "a nice meal", "a nice man", "nice weather", "a nice distinction", "a nice mess". Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé "dára" ni wọ́n á kọ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ má gbà á. Oúnjẹ tó dùn, ọkùnrin tó níwà, ojú ọjọ́ tó tura, ìyàtọ̀ tín-ín-rín. Ti ìkarùn-ún, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ìyá wọn ń sọ bí wọ́n bá fọ́ àwo: "O káre láé!" Kò sí ọmọ Èkó tó máa ṣi ìyẹn gbọ́ sí ìyìn. Ẹ fi 10 tó kù ṣe àròkọ: kí wọ́n fa igi lé gbogbo "nice" tí wọ́n kọ, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí gan-an dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tó ń fòfin de ọ̀rọ̀ náà pátápátá, àṣejù ni. Nínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, kò sí ohun tó ṣe é.

Tíṣà Sùúrùlérè: Mo dúpẹ́ o, mà. Ó ku ọ̀kan: "nice and hot". Èwo nìyẹn wà nínú rẹ̀?

Alátùn-únkà Ṣómólú: Kò sí nínú èyíkéyìí. "Hot" ló ń ti lẹ́yìn: "ó gbóná dáadáa, bí a ṣe ń fẹ́ ẹ." Ẹ má jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ "and" níbẹ̀.