Laptop mi ti ń gbóná jù: ṣé kí n gba kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì dípò rẹ̀?

Àkànní

Mo kí gbogbo ilé o. Ó ti tó oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín. Fídíò ni mo ń gé jẹun, mo sì máa ń bá àwọn tó ń ya àwòrán ilé ṣe àwòrán bí ilé náà yóò ṣe rí tí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Laptop kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: RAM 32GB, GPU (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán) RTX 3070, ojú ínǹṣì 17. Nígbà tí mo rà á, kò sí iṣẹ́ tí kì í gbé. Ní báyìí, tí mo bá ti ní kó gbé fídíò jáde, kò ní pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí fáànù á ti máa hu, ara rẹ̀ á gbóná débi pé n kò ní lè gbọ́wọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú á sì di ti ogójì. Bátìrì kò gbé wákàtí kan mọ́.

Mo ti ń wo àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí èèyàn lè so mọ́ ẹ̀yìn monitor. Ọkàn mi ń fà sí ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni kí n ta laptop yìí tán, kí n wá rí i pé èyí tí mo rà kò tó o. Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, má tíì ta nǹkan kan. Dáhùn èyí ná: láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, ìgbà mélòó ni laptop yẹn kúrò lórí tábìlì? Ìgbà tí o gbé e jáde ní tòótọ́ ni mo ń béèrè o, má ka ìgbà tí o rò pé o lè gbé e jáde mọ́ ọn. Mú ìwé, kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi náà lo laptop ńlá fún ọdún mẹ́rin. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ohun tó ṣeé gbé kiri ni mo nílò. Ọjọ́ tí mo jókòó ṣe ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti jáde nílé láàárín odindi ọdún kan. Ó wúwo, ṣájà rẹ̀ nìkan tó bíríkì, kí n tó dé ibi tí mo ń lọ èjìká á ti máa ro mí. Mo ti sanwó bátìrì, mo sanwó ojú, mo sanwó kíbọ́ọ̀dù, n kò sì lo ìkankan nínú wọn, torí orí monitor ni mo so ó mọ́ tọ̀sán-tòru. Ìgbà tí mo wá gba kékeré yẹn, tábìlì mi láyè, yàrá sì parọ́rọ́. Bí àwọn ọmọ bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo lè ṣiṣẹ́ mi lọ. Ìyẹn nìkan tó fún mi.

Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ àti ìṣirò owó ni iṣẹ́ tèmi. Ti fídíò àti àwòrán ilé kọjá mi. Bàbá Onímọ̀-Ẹ̀rọ, ẹ bá wa dá sí i, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bàbá Onímọ̀-Ẹ̀rọ

Mo ti ń kà á bọ̀. Àkànní, iṣẹ́ méjì lo dárúkọ, ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí èkejì ń fẹ́. Jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ká kọ́kọ́ mú kọ̀ǹpútà kékeré náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé níwọ̀n bó ti jẹ́ ti orí tábìlì, á lágbára ju laptop lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí o bá tú ọ̀pọ̀ nínú wọn wò, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ti laptop lo máa bá níbẹ̀. Èrè tó wà lára wọn ni pé afẹ́fẹ́ ń ráyè kọjá, kò sí bátìrì tó ń mú ooru sí i, nítorí náà processor yẹn lè sáré fún wákàtí mélòó kan láìfà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní GPU tó dá dúró, èyí tó wà nínú processor ni wọ́n ń lò. Nídìí àwòrán ilé, RTX 3070 tìrẹ, bí ó tilẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, á ṣì fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Ibi tó yẹ kí ẹ̀rù ti bà ọ́ nìyẹn, o sì ṣe dáadáa bí o ṣe béèrè.

Orúkọ tún máa ń tan èèyàn jẹ. RTX 3070 ti laptop ní CUDA core 5120 (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò nínú GPU), iná tí wọ́n ń fún un sì wà láàárín wáàtì 80 sí 125, bó bá ṣe wu ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop náà. RTX 3070 ti orí tábìlì ní 5888, ó sì ń gba wáàtì 220. Orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sára méjèèjì o! Ti RTX 4090 tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tó wà nínú laptop ní memory 16GB, ti orí tábìlì ní 24GB. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ra ọjà. Ẹ béèrè iye wáàtì.

Fídíò ní tirẹ̀ rọrùn díẹ̀. Àwọn processor òde òní ní ẹ̀ka kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún títú fídíò H.264 àti HEVC, oríṣi fídíò méjì tó wọ́pọ̀, àti fífún un pọ̀. Quick Sync ni Intel ń pe tirẹ̀, Apple náà sì ní tirẹ̀ nínú àwọn processor M. Ẹ̀ka yẹn kì í gba iná púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àpótí kékeré fi lè gé fídíò lọ gbuurugbu láìhu. Mac mini M4, kọ̀ǹpútà kékeré ti Apple tó jáde lọ́dún 2024, kò fẹ̀ ju ínǹṣì márùn-ún lọ, 16GB ni RAM èyí tó kéré jù nínú wọn, tí ó bá sì jẹ́ fídíò nìkan ni iṣẹ́ rẹ, màá ní kí o lọ mú un wá. Kìkì pé RAM rẹ̀ kò ṣeé fi kún lẹ́yìn tí o bá ti rà á. Bí o ṣe mú un délé ni o ṣe máa lò ó títí.

Ẹ wá wo ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀. Revit àti 3ds Max, software tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán ilé, kì í ṣiṣẹ́ lórí macOS ti Apple, Windows ni wọ́n mọ̀. CUDA náà, ohun tí software fi ń lo GPU fún ìṣirò, NVIDIA tó ń ṣe RTX nìkan ló ni ín. Blender tó wà fún àwòrán àti DaVinci Resolve tó wà fún fídíò ní tiwọn wà lórí méjèèjì. Ìyẹn ni pé kí o tó pinnu, lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé àwòrán ilé fún ọ, software wo ni wọ́n fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́? Ìdáhùn wọn ló máa yan kọ̀ǹpútà fún ọ.

Bó bá jẹ́ Revit àti 3ds Max ni, ọ̀nà kan tún wà tí o kò dárúkọ: kí o fi motherboard Mini-ITX (pátákó kékeré tí wọ́n ń to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí) to kọ̀ǹpútà. Sẹ̀ǹtímítà 17 ní gígùn àti ìbú ni, ó kéré, síbẹ̀ ó ń gba GPU gidi ti orí tábìlì. Àpótí rẹ̀ á tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, á tó bí àpótí bàtà tó tóbi díẹ̀. Lọ́jọ́ tí GPU bá di ti àtijọ́, ìyẹn nìkan lo máa yọ. Ti laptop, wọ́n ti jó o mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyẹn, torí ó máa ń dùn mí láti rí laptop tí gbogbo ara rẹ̀ yá, tí wọ́n sọ sígbó nítorí ẹ̀yà kan péré.

Ṣùgbọ́n kí o tó ná owó kankan, ìgbà wo lo tú ìsàlẹ̀ laptop yẹn kẹ́yìn?

Àkànní

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. N kò tú u rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Bàbá Onímọ̀-Ẹ̀rọ

Mo fura. Eruku ti dí i lẹ́nu. Pa á, yọ ṣájà, tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì yọ wáyà bátìrì kúrò lára motherboard kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fi ìka di fáànù mú nígbà tí o bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, torí bó bá yí àyíjù, ó lè bà jẹ́. Wo ẹnu àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ibẹ̀ ni eruku ti máa ń di aṣọ. Thermal paste tó wà láàárín processor àti irin tó ń fa ooru náà ti gbẹ, pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ kò bá yá sí i, gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí o bá ṣí i, wo bátìrì dáadáa. Tó bá ti wú, tàbí tí ibi tí o ń fi ìka fà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù ti ń ga sókè, dá lílò rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Má gún un, má tẹ̀ ẹ́, má sì sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí ilé, ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì tó bà jẹ́ ni kí o gbé e lọ. Laptop tó wà lórí ṣájà tọdún-tọdún ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nínú ooru, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́. Ọ̀pọ̀ laptop ní ibi tí o ti lè sọ fún un pé kó dúró ní 80. Ṣe é.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí owó ló mú èmi dé ibẹ̀. Àlòkù ni mo rà, àwọn kékeré tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá máa ń tà dànù bí wọ́n bá fẹ́ gba tuntun: ThinkCentre Tiny, OptiPlex Micro, EliteDesk Mini. Wọn kò ju bíi lítà kan lọ. Processor tí orúkọ rẹ̀ parí sí T ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáàtì 35 ni wọ́n ṣe é fún. RAM wọn ṣeé pààrọ̀, SSD wọn (ibi tí wọ́n ń fi fáìlì pamọ́ sí) ṣeé pààrọ̀. Àkànní, kò lè gbé iṣẹ́ tìrẹ o, ẹlòmíràn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti fara gbá nìyí. Èyí àkọ́kọ́ tí mo rà, processor Intel ìran keje ló ní. Windows 11 kò gbà á, ìran kẹjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ Intel, ó sì fẹ́ TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Mo ní láti ta á kí n tó ra òmíràn. Ẹ wo ìran processor kí ẹ tó sanwó.

Ohun kejì ni pé àpótí náà nìkan kọ́ ni ẹ máa rà. Laptop ní ojú, ní kíbọ́ọ̀dù, ní kámẹ́rà, ní ẹ̀rọ ohùn. Èmi gbé kékeré mi délé, ọjọ́ kejì ni mo ní ìpàdé lórí fídíò, n kò ní kámẹ́rà, n kò ní ohun tí wọ́n á fi gbọ́ ohùn mi. Tí iná bá sì lọ fìrí, laptop á máa ṣiṣẹ́ lọ lórí bátìrì, ti orí tábìlì á kú pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́. UPS kékeré kan ni mo fi tán ìyẹn.

Ìyá Ìbejì

Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun. Ti UPS yẹn, mo gbàgbé láti sọ ọ́, ó sì ṣe pàtàkì.

Arìnrìnàjò

Èmi ò lè fi laptop sílẹ̀, iṣẹ́ mi kì í dúró lójú kan. Ohun kan tí mo kíyè sí rèé: bátìrì àwọn laptop ńlá kì í sábà kọjá wáàtì-wákàtí 99. Nítorí ọkọ̀ òfuurufú ni, tó bá ti ju 100 lọ, ẹ ní láti gbàṣẹ. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń fi agbára kún GPU tó, bátìrì kò lè dàgbà tẹ̀ lé e, ẹ má retí pé laptop alágbára máa ṣe iṣẹ́ ńlá fún yín láìsí ṣájà.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibi méjì péré ni ẹ ń lọ tẹ́ ẹ ń bọ̀, monitor àti kíbọ́ọ̀dù lè wà níbi méjèèjì, kí ẹ máa gbé àpótí kékeré náà sínú àpò. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó fúyẹ́ ju laptop mi lọ. Ẹ kàn wo ara ṣájà rẹ̀, tí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, orí wáyà nìkan lẹ máa pààrọ̀ tẹ́ ẹ bá dé orílẹ̀-èdè míì.

Àkànní

Mo padà dé o, ẹ má bínú pé ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìyá Ìbejì, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Ẹ̀ẹ̀meje ni laptop jáde láàárín oṣù mẹ́ta. Márùn-ún nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí mo ti parí ni mo lọ fi han oníbàárà, ohun tí laptop pẹlẹbẹ èyíkéyìí lè ṣe.

Bàbá, mo gbé e fún ẹni tó tú u. Eruku tó yọ níbẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́. Bátìrì kò wú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, mo ti ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ooru tó máa ń dé dígírí 97 tẹ́lẹ̀ kò kọjá 84 mọ́. Fídíò ti padà sí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Ti àwòrán ilé ṣì ń fà, àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún mi sì ní 3ds Max ni wọn ò ní kúrò lórí rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àpótí kékeré bí àtẹ́lẹwọ́ ti parí fún mi, Mini-ITX ni màá tò, n kò sì ní ta laptop. Òun ni màá máa gbé lọ bá oníbàárà.

Ṣùgbọ́n n kò ní tò ó lóṣù yìí. Monitor ni mo kọ́kọ́ rà, ínǹṣì 27, torí kọ̀ǹpútà tó wù kí n ní lẹ́yìn ọ̀la, màá lò ó. Ó dé lónìí. Ṣé kí n pa laptop dé kí n máa wo monitor nìkan?

Bàbá Onímọ̀-Ẹ̀rọ

O ṣe é dáadáa. Má pa á dé o. Láti ojú kíbọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ laptop bẹ́ẹ̀ ti ń mí, ooru náà á sì máa lọ sára ojú rẹ̀. Ṣí i sílẹ̀, fi nǹkan gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè bí ínǹṣì kan, kí o pa ojú tirẹ̀ nínú Windows. Tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to Mini-ITX, kọ ìwọ̀n GPU tí o fẹ́ ránṣẹ́ sí mi kí o tó ra àpótí, torí gígùn GPU ló máa ń bá àpótí kékeré jà.