Ta ló lè là mí lọ́yẹ̀ lórí D&D ní Ifẹ̀ níbí?

Aránṣọ Lágere
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Lágere ni mo ti ń ránṣọ. Oṣù tó kọjá ni mo rí fídíò kan lórí fóònù: àwọn mẹ́rin jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan ń sọ ìtàn, àwọn yòókù ń dá a lóhùn, wọ́n sì ń ju dáìsì. Kò sí pátákó bíi ti lúdò, kò sì sí ẹni tó ń jẹ ẹnì kejì. Wọ́n ní Dungeons & Dragons ni. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti wà níbẹ̀.

Mo wá ìwé òfin rẹ̀ wò, ó lé ní 300 ojú ìwé. Mo wá dáìsì olójú púpọ̀ yẹn dé Ọjà Tuntun, n ò rí i. Àwa mẹ́rin la ti ṣe tán: èmi, ọmọṣẹ́ mi méjì àti àbúrò mi tó wà ní Great Ife. Kò sí ẹni tó ṣe é rí nínú wa. Ìyá mi sì ti gbọ́ nípa dírágónì, wọ́n ní kí n má kó nǹkan òkùnkùn wọlé. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Fájuyì Hall
Ẹ má ra nǹkan kan o. Òfin tí ẹ nílò wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2023 ni ilé iṣẹ́ tó ni ín fi àkójọ òfin náà sábẹ́ Creative Commons, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́, kó sì lò ó. Àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson, eré ogun orí tábìlì ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin ìjà fi pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fò ó ná. Tí dátà bá wà, ẹ tẹ "roll d20" sínú Google (d20 ni dáìsì olójú ogún), yóò jù ú fún yín.

Bàbá Tóbi, Mayfair
Àbúrò mi, kú iṣẹ́ o. Fóònù ni mo ń tún ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni èmi àtàwọn èèyàn mi máa ń ṣe eré yìí, ó sì dùn mọ́ mi débi pé n kì í gba iṣẹ́ lọ́jọ́ náà mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ka òfin fún wọn fún wákàtí kan ààbọ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú òyìnbó, igbó òyìnbó, orúkọ tí ahọ́n kọ̀. Ẹnì kan sùn. Ẹnì kan ní òun ń lọ mumi, a ò rí i mọ́. Ó dùn mí gan-an, mo rò pé eré náà kì í ṣe fún irú wa.

Lọ́sẹ̀ kejì, iná lọ, a jókòó síta. Mo pa ìwé dé, mo fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin mẹ́ta ń tajà lọ́wọ́ ní Ifẹ̀ àtijọ́. Ariwo sọ. Àwọn kan já wọ ọjà, wọn ò lójú, wọn ò nímú, ìko ló bo gbogbo ara wọn. Gbogbo ọjà ń sá. Kí lẹ ó ṣe?"

Ìtàn Mọ̀remí ni. Ọmọ Ifẹ̀ wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó sùn lọ́sẹ̀ tó kọjá dìde dúró: "Èmi ò sá. Mo wọ abẹ́ àtẹ aláta, mo fẹ́ wo ẹsẹ̀ wọn." Ẹsẹ̀ wọn! Ó ní bí wọ́n bá jẹ́ iwin, ẹsẹ̀ wọn ò ní kanlẹ̀. Èmi tí mo ń darí ìtàn, n ò ronú kan ẹsẹ̀ rárá.

Ìgbà yẹn ni mo tó ní kó ju dáìsì, torí wọ́n lè rí i níbẹ̀. Ohun tí kò ṣòro, 10 ló gbọ́dọ̀ dé; èyí tó le díẹ̀, 15; èyí tó le gan-an, 20. Ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ yára lẹ́sẹ̀, a ti fún un ní 3. Ó ju 8, a fi 3 kún un, ó di 11. Ó rí ẹsẹ̀ èèyàn tó kún fún eruku. Bí eré náà ṣe ń lọ nìyẹn. Ẹ má ju dáìsì fún ohun tí kò léwu; ẹni tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣí i.

Ní ti dáìsì, kọ 1 títí dé 20 sórí bébà kéékèèké, ká wọn, kó wọn sínú agolo mílíìkì. Kí oníkálukú kọ orúkọ ẹ̀dá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, àti ẹnì kan tí kò lè fi sílẹ̀ sá lójú ogun. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Òun ni ìtàn yóò fi mú wọn.

Aránṣọ Lágere
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá gba ọ̀nà tí n ò múra sílẹ̀ fún ńkọ́?

Bàbá Tóbi, Mayfair
Tẹ̀ lé wọn. Má fagbára dá wọn padà. Tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ, ní kí wọ́n lọ jẹun, kó o ronú.

Ìyá Ìbejì Mọ̀dákẹ́kẹ́
Lórí ọ̀rọ̀ màmá, má bá wọn jiyàn o. Ní Amẹ́ríkà gan-an, láàárín ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ òbí ló pariwo pé eré èṣù ni. Ìta gbangba lèmi ti ń bá àwọn ọmọ mi ṣe é, mo sì ké sí ìyá ọkọ mi kí wọ́n wá jókòó tì wá. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, "Àlọ́ lẹ ń pa, kí ló dé tẹ́ ò kọrin?" Àwọn ló kọ́ wa lórin tí a fi ń ṣí eré báyìí. Dírágónì náà, fi erè inú odò rọ́pò rẹ̀.

Aránṣọ Lágere
Mo ti gé bébà ogún. Èmi àtàwọn ọmọṣẹ́ mi dán an wò lálẹ́ yìí, àmọ́ lẹ́yìn ìgbà bíi mẹ́wàá, nọ́ńbà kéékèèké nìkan ló kù nínú agolo.

Bàbá Tóbi, Mayfair
Ẹ kò dá a padà ni. Bí ẹnì kan bá ti fà á, tó kà á tán, kó ká a padà sínú agolo, kẹ́ ẹ mì í dáadáa kí ẹlòmíràn tó fà.