Ìròyìn ìkẹyìn: LASU ni àbúrò mi mú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín nígbà yẹn pé, àbúrò mi obìnrin tó fẹ́ kọ́ Mechanical Engineering, ṣé LASU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó) ni kó fi sí ipò àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB, fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé sí yunifásítì, ni àbí OOU (Yunifásítì Olabisi Onabanjo, ti Ìpínlẹ̀ Ògùn)? LASU ló mú, wọ́n sì ti gbà á wọlé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!

Ìmọ̀ràn tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni ti ẹni tó ní ká wo ibi tí ẹ̀ka náà wà gan-an. Ọ̀jọ́ àti Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí olú ọgbà LASU àti ti OOU wà, ni gbogbo ènìyàn ń fi wéra, bẹ́ẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni LASU ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, Ìbògùn lọ́nà Ifọ̀ sì ni ti OOU. Ìkòròdú ni à ń gbé. Ọ̀nà Ìtóìkín já sí Ẹ̀pẹ́ tààrà. Ti Ìbògùn, àfi kó kọ́kọ́ la ìgboro Èkó kọjá dé Sángo Ọ̀tà. Ọdún 5 gbáko ni yóò sì fi kàwé!

Ó wu bàbá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, kó lo ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní OOU, torí owó tí ọmọ Ògùn ń san níbẹ̀ dínkù. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jọ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọmọ náà dúró lẹ́nu fèrèsé wọ́kíṣọ́ọ̀pù, ó ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gé irin, obìnrin wà láàrin wọn. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa, kó máa bọ̀ níbí."

Yàrá ló kù. Ẹni tó bá mọ onílé tó ṣeé fọkàn tán nítòsí ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.